Omi Tí Wọ́n Fi Gbèsè Fà

Fall River, Amẹ́ríkà
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 1878

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín púpọ̀. Ẹ kú òtútù o, ẹ kú ìdúró ìdí ààrò, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ara mi le, àfi ikọ́ òwú tí gbogbo àwa ahunṣọ máa ń wú, ilé ni mo sì ti gbé e wá. Ẹ bá mi kí Ìyá Dókásì àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá, mo ti gba yàrá méjì. Mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan fún Támárì lọ́wọ́ ará Ireland kan tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà jù ú, mo sì fi ọwọ́ ara mi kun ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀, ó ti di ọmọ ọdún méje báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ gbàgbé ojú mi. Pọ́n-ùn mẹ́wàá tí mo fi ránṣẹ́, owó ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni, àti tiyín, bí ẹ bá gbà láti bá a wá. Bí ẹ ò bá wá, Rúùtù ọmọ Ìyá Dókásì ń bọ̀ lóṣù karùn-ún, ẹ fà á lé e lọ́wọ́. Mo ti kọ èyí sí yín tẹ́lẹ̀. Ẹ fèsì, ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba ọkọ̀. Bí ọkà óòtì ṣe gbówó lórí lẹ sọ, ológbò tó bímọ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ lẹ sọ.

Wàyí o, Ámósì ọmọ alágbẹ̀dẹ gúnlẹ̀ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ìgbìmọ̀ ìlú Hadbeck ti lẹ ìwé mọ́ ògiri kiri, pé àwọn ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú láti fi fa omi láti orí òkè wá. Ó ní àwọn opó ń tú owó jáde lábẹ́ ibùsùn bí ẹni pé Jésù fúnra rẹ̀ ló wá yá a. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ò sí nínú wọn.

Ọmọ yín,
Jábésì


Tenter Row, Hadbeck
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, 1878

Jábésì ọmọ mi,

Mo kí ọ, Támárì kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. Fi oyin sí omi gbígbóná fún ikọ́ yẹn, má sì gbàgbé aṣọ onírun àyà rẹ.

Ṣé Ámósì náà ló wá di akéde? Ámósì tó jẹ àkàrà óòtì mi tán tó wọ ọkọ̀ lọ láìsanwó! Wí fún un pé mo kí i, mi ò sì tíì gbàgbé.

Òótọ́ ló sọ ṣá. Mo wà nínú wọn. Mo ti yá ìlú ní pọ́n-ùn mẹ́wàá yẹn.

Jókòó ná kí o tó bínú. Ọ̀gbẹ́ni Pilling dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìwàásù. Òun ni alága ìgbìmọ̀ omi. Ó ní ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti gbà kí ìlú yá owó fún omi. Ẹni tó bá yá ìlú lówó, pọ́n-ùn mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún ni èlé rẹ̀ lọ́dọọdún, ohun ìdógò rẹ̀ sì ni owó orí ilé tí gbogbo onílé ń san. Ó ní ènìyàn lè sá, ilé ò lè sá. Mo rò ó wò, mo rí i pé òótọ́ ni.

O mọ pọ́ǹpù wa. O mọ bí ṣáláńgá Tenter Row ṣe súnmọ́ ọn tó. Ta ló pa Léà ìyàwó rẹ? Ìwọ sọ pé ibà ni, èmi sọ pé pọ́ǹpù ni, dókítà sì sọ ohun tí mo sọ. O kó ẹrù, o lọ. Èmi ni mo kù tí mò ń bu omi kan náà fún ọmọ rẹ̀ láràárọ̀.

Rò ó bí ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ní ìjókòó nínú ilé Olúwa wa? Ẹni tó ń sanwó ìjókòó ni. Bàbá rẹ san tiwa títí ó fi kú, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi lè jókòó sí àga kẹrin lápá òsì, ì báà ṣe Pilling. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi yìí. Gbogbo àwa ìyá ẹgbẹ́ ìsìnkú, tí a ń tọ́jú owó pamọ́ de ọjọ́ ikú, la dáwó, torí náà ọ̀dọ̀ wa ni páìpù yóò kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé bí mo bá ń fẹ́ owó mi, kí n kìlọ̀ fún wọn ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Nítorí náà Támárì ò ní lè bá Rúùtù lọ. Kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúró dè é díẹ̀, igi kì í jẹun.

Ìyá rẹ,
Késáyà


Fall River
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 1878

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo kí Támárì. Ẹ má bínú, mi ò lè kí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pilling! Nínú gbogbo ayé, Pilling! Ta ló ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ wa lójú ní ìgbà òtútù nítorí a ní kó má gé owó wa? Ta ni mo torí rẹ̀ sọdá òkun? Ẹ wá kó owó ọkọ̀ ọmọ mi, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, ẹ tún tẹrí ba fún un.

Ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ kọ́ mi pé kí n má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ohunkóhun. Nígbà tí a ò ríṣẹ́, a fi omi ọbẹ̀ lásán sùn ju ká lọ gba búrẹ́dì àwìn lọ. Ámósì ní ọgbọ̀n ọdún ni ìlú yóò fi san owó omi yìí. Ìlú wo ló ń jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀? Àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé yóò ti kú, ọmọ tí a ò tíì bí ni yóò máa san án. Ṣé ìwà onígbàgbọ́ nìyẹn? Ámósì tún ní bí ìlú ò bá rí owó san, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ni ọlọ́pàá yóò kó. Ìyá mi, lọ́jọ́ alẹ́ yín, nínú ẹ̀wọ̀n onígbèsè!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi kó má baà pa mí. Mi ò gbà pé torí omi ni. Ẹ ò fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ náà ni. Ẹ wá ibi tí owó ọkọ̀ yóò há sí, ẹ sì rí i.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.

Jábésì


Fall River
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, 1878

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kan ti kọjá, ìkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mi ò rí lẹ́tà. Rúùtù ti dé. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá màá rí ọmọ kan tó di aṣọ rẹ̀ mú, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí. Ó ní ara yín le. Mo dúpẹ́. Bí inú bá ń bí yín, ẹ fi ìbínú náà kọ̀wé sí mi. Ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Jábésì


Tenter Row, Hadbeck
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, 1878

Jábésì,

Mo kí ọ. Inú ń bí mi, o ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo jókòó kọ̀wé, lẹ́ẹ̀mẹta ni mo fi í dáná.

Kọ́kọ́ lọ sọ fún Ámósì pé ìyá rẹ ò jẹ gbèsè. Èmi ni wọ́n jẹ ní gbèsè! Ṣé ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni ọlọ́pàá ń mú ní Amẹ́ríkà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Ámósì wá mú mi, ó ṣáà jẹ mí lówó àkàrà.

Bàbá rẹ ò jẹ gbèsè rí, òtítọ́ ni. Omi pọ́ǹpù náà ló sì mu títí ó fi kú. Kí la rí fi àìjẹgbèsè rẹ̀ ṣe, ju ká sọ ọ́ níbi ìsìnkú lọ? Gbèsè ọtí burú. Gbèsè aṣọ fújà burú. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá ní kí àwọn máa tọ́jú ṣílè kọ̀ọ̀kan títí owó páìpù yóò fi pé, ọgbọ̀n ọdún la ó fi máa sin ọmọ. Ọmọ tí a ò tíì bí tí ò ń ṣàánú rẹ̀ yẹn, òun náà kọ́ ni yóò mu omi ọ̀hún ni? Kí ló dé tí kò ní san díẹ̀ níbẹ̀? Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, mo sì ti bi Pásítọ̀, òun náà ò rí i.

Ohun kejì tí o sọ, nípa ọmọ, mi ò ní dá ọ lóhùn.

Támárì bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yíde nígboro ní ọ̀sẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó di okùn àsíá mú, ó sì ń wo bàtà onígi rẹ̀ tuntun ju Ọlọ́run lọ. Wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò páìpù ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ojoojúmọ́ là ń lọ wò ó. Ó bi àwọn agbẹ́lẹ̀ pé, "Èwo nínú yín ló ń gbé omi ìyá àgbà mi bọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa retí àwọn.

Ìyá rẹ,
Késáyà


Fall River
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, 1878

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Mo ka ti bàtà onígi yẹn fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ nípa ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yí padà nípa Pilling. Àbúrò Ámósì wà lára àwọn tó ń gbẹ́ kòtò náà. Ó kọ̀wé pé àwòrán tí wọ́n fún àwọn kò yà sí Tenter Row rárá. Ó gba ìdí ọjà lọ sí Manor Hill, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé. Ẹ lọ béèrè o, Ìyá. Ẹ má ṣe retí páìpù bí ẹni tó ń retí Olúwa.

Ọmọ yín,
Jábésì


Tenter Row, Hadbeck
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, 1878

Jábésì ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ẹnu mi korò, mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Omi dé. Ó dé Manor Hill. Ilé Pilling ní ẹ̀rọ omi mẹ́ta nínú, ó tún ní ẹja kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ níwájú ọgbà tó ń tu omi sókè látàárọ̀ dalẹ́. Ẹja! Páìpù ńlá náà kọjá ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, mo lè ju òkò bà á láti ẹnu ọ̀nà mi, kò sì yà. Tenter Row ṣì ń fa pọ́ǹpù.

Mo gbé ìwé mi, mo lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Akọ̀wé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù tán ló wà nídìí tábìlì.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́?"

"Omi ni mo fẹ́."

"Omi wà nínú kẹ́ẹ̀tù lẹ́yìn yẹn, ẹ bù mu."

"Omi tí mo sanwó fún ni mò ń wí, ìwọ ọmọ yìí!"

Pilling gbọ́ ohùn mi, ó jáde wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Késáyà! Ẹ kúure o. Àbí èlé yín ò tíì dé ni?"

"Èlé dé. Omi ni kò dé. Ọ̀gbẹ́ni Pilling, mo ti san owó ìjókòó mi. Níbo ni ìjókòó mi wà?"

"Ìjókòó kẹ̀?" Ó wo akọ̀wé, akọ̀wé wò ó. "Ìyá mi, ibí yìí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ yá ìlú lówó, ìlú ń san èlé fún yín, ó parí. Ẹni tó yáni lówó ra màlúù ò nípìn-ín nínú wàrà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Jábésì. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹ̀rín tí ènìyàn ń fi ọmọdé rín ni. Ó ní owó ti tán kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, àfi tí àwọn bá tún yá òmíràn. Owó tán! Lójú fèrèsé rẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn bíríkìlà ti ń to òkúta ilé gogoro aláago sórí gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ta ló bi wọ́n pé kí ni aago wí? Fèrè ilé iṣẹ́ Pilling ló ń jí gbogbo wa!

Ojú tì mí lójú ọ̀nà. Èmi ni mo sọ fún Ìyá Dókásì pé kó dáwó. Èmi ni mo sọ fún gbogbo wọn pé bí ìjókòó ni.

Mo fẹ́ fi èyí tó kù pamọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é. Ara Támárì ti ń gbóná láti Ọjọ́bọ̀. Kò jẹun. Dókítà ti wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wo korobá omi wa. Gbàdúrà.

Késáyà


Fall River
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 1878

Ìyá,

Lẹ́tà yín dé lónìí. Ọmọ mi lè ti kú kí n tó ṣí i. Mo jáde nílé iṣẹ́ láìgba àyè, mo rìn títí dé etí omi, kò sí ohun tí mo lè ṣe níbẹ̀.

Bó bá ti bá Léà lọ, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí Pásítọ̀ kọ ọ́. Mi ò ní lè ka ìkọ̀wé ọwọ́ yín.

Bó bá wà láàyè, ẹ sọ fún un pé mo ti kun bẹ́ẹ̀dì náà lẹ́ẹ̀kejì.

Jábésì


Tenter Row, Hadbeck
Ọjọ́ ogún oṣù kẹwàá, 1878

Jábésì ọmọ mi,

Èmi ni mo ń kọ ọ́. Wo ọwọ́ mi. Ọmọ rẹ wà láàyè.

Wọ́n fá irun rẹ̀ nítorí ibà, ó gbẹ bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ó jẹ àkàrà óòtì pẹ̀lú bọ́tà lánàá, ó sì ní kò dùn, ìyẹn la fi mọ̀ pé ó ti yá. Ọlọ́run ṣeun. Ohun tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ, mo ti kà á, mo ti dì í, mi ò ní kà á mọ́.

Gbọ́ ohun tí a ṣe. Ní òwúrọ̀ tí ibà náà le jù, Ìyá Dókásì wá jókòó ti ọmọ, ó wo pọ́ǹpù láti ojú fèrèsé, ó ní, "Késáyà, wọ́n ní a ò ní ìjókòó. Ó dáa. Owó wa ṣáà ní ẹsẹ̀." Mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ní kó máa bọ̀ nílé."

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ní ọjọ́ Ajé, gbogbo ìyá ẹgbẹ́ ìsìnkú wọ aṣọ dúdú ṣọ́ọ̀ṣì, a tò lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé rẹ̀, a sì kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé a ó gba owó wa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Akọ̀wé tó fi omi kẹ́ẹ̀tù lọ̀ mí dìde dúró fúnra rẹ̀. Owó tiwa nìkan ò lè wó ìlú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Hadbeck ti ń sọ pé àwọn opó ń kówó wọn jáde, àwọn tó sì fẹ́ yá ìlú lówó lọ́sẹ̀ yẹn ti ki owó wọn bọ àpò padà.

Pilling fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Tenter Row. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ.

"Ìyá Késáyà, ẹ fẹ́ ba orúkọ ìlú jẹ́ ni? Bí ará ìlú bá bẹ̀rù, a ó máa yá owó ní èlé gíga. Owó orí ilé yín náà ni yóò lọ sókè."

"Ẹ ti gun òkè wá, òùngbẹ yóò máa gbẹ yín," mo wí.

"Ó ń gbẹ mí díẹ̀."

Mo bu omi pọ́ǹpù sínú kọ́ọ̀bù tó dára jù nílé, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wo omi náà. Ó wo Támárì tó sùn nídìí ààrò pẹ̀lú orí fífá. Ó rọra gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀.

"Ẹ mu ún o, Ọ̀gbẹ́ni Pilling. Ohun tí ọmọ ń mu níhìn-ín nìyẹn."

Kò mu ún. Ó mú fìlà rẹ̀, ó ní òun yóò wò ó bóyá nǹkan ṣì ṣeé ṣe. Mo ní kó máa wò ó, kí òun àti ẹja rẹ̀ jọ máa wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣojú ìjọba dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú ò lè yá owó tuntun láìjẹ́ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jókòó ní gbangba, kó gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń san owó orí ilé bá fẹ́ sọ. Wọ́n ń fẹ́ owó láti parí ilé aago. Àwọn ọlọ́lá sọ̀rọ̀ títí. Ìgbà tí wọ́n dákẹ́, mo dìde. Pilling ní, "Obìnrin yìí—" Aṣojú náà ní, "Ṣé ó ń san owó orí ilé?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ọ̀gá, owó omi ni wọ́n yá lọ́wọ́ mi. Mi ò rí omi. Mo rí aago. Mo fẹ́ mọ bí omi ṣe di òkúta."

Ó yíjú sí olùtọ́jú owó ìlú. Ọkùnrin náà ń ṣe kọ́họ́ kọ́họ́, ó ní ìpìlẹ̀ ilé aago rì díẹ̀, pé wọ́n kàn yá díẹ̀ nínú owó omi fún un, wọn yóò dá a padà.

Mo tún dìde, wọ́n ń fa aṣọ mi pé kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé gbèsè lè yá gbèsè lówó ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní owó tí ìjọba gbà kí ìlú yá fún omi, omi nìkan ló wà fún, òun ò sì ní sọ fún Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n gbà kí wọ́n yá ẹyọ kọ́bọ̀ kan fún aago títí tí èyí yóò fi tọ́. Ilé gogoro náà dúró láìlórí báyìí. Ẹyẹ ló ń sùn síbẹ̀.

Inú ń bí mi síbẹ̀. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ gba irun orí ọmọ kí wọ́n tó gbọ́?

Ìyá rẹ,
Késáyà


Fall River
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, 1878

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ìyá mi tòótọ́,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sunkún lórí lẹ́tà yín títí Ámósì fi rò pé òkú ló kú. Ìgbà tó kà á tán, ó fún mi ní owó àkàrà tó jẹ yín. Ó wà nínú èyí.

Mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí yín lóṣù kẹsàn-án. Ẹ sọ ọ́ síná.

Ẹ má dá ìkìlọ̀ yẹn dúró o, bó ti wù kí Pilling bẹ̀ yín. Bí owó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lóṣù kẹrin, ẹ̀yin àti Támárì, ẹ máa bọ̀. Omi ẹ̀rọ wà nínú ọgbà wa níbí. Kí lẹ ń ṣe ní ìlú tó fi yín rẹ́rìn-ín? Yàrá méjì ni mo ní. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Jábésì


Tenter Row, Hadbeck
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, 1879

Jábésì ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Àárín ọwọ́ Támárì ni lẹ́tà yìí wà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́. Àbúrò Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló ń mú un bọ̀. Wo ọmọ náà dáadáa kí o tó kà á. Irun rẹ̀ ti hù padà, ó wá lọ́ mọ́ra bíi ti Léà.

Èmi ò bọ̀. Má bínú. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ àti ìyàwó rẹ wà ni mo wà, mo sì ní Pilling láti máa ṣọ́ níbí.

Páìpù yà sí Tenter Row ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò wọ ilé ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n rì sí ẹsẹ̀ òpópónà. Mo wí fún Pilling pé ẹ̀rọ mẹ́ta wà nínú ilé tirẹ̀ nìkan. Ó ní kí n máa dúpẹ́. Mo ní mi ò ní dúpẹ́ fún ohun tí wọ́n jẹ mí. Támárì ló kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ó ní kò ní adùn kankan. Mo ní, "Ọmọ mi, bí omi ṣe ń rí nìyẹn." Korobá kejì ni mo fi bomi rin òdòdó orí sàréè Léà.

Ìgbìmọ̀ san owó wa pé pérépéré. Tìrẹ ni mo fi san ọkọ̀ ọmọ, ìyókù wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

O sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, mo ní mi ò ní dá ọ lóhùn. Mo dá ọ lóhùn báyìí. Òótọ́ ni, mi ò fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Torí omi ni mo ṣe é, torí ọmọ náà sì ni. Méjèèjì wà nínú ọkàn kan náà, mi ò sì lè yà wọ́n.

Nítorí náà gbọ́, má pariwo. Ìlú tún ń yá owó, láti fi mú omi wọ inú ilé ní Tenter Row. Aṣojú Lọ́ńdọ̀nù ti gbà á, wọ́n sì kọ orúkọ òpópónà wa sínú àdéhùn lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n kà á sókè fún mi kí n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo kó owó ìsìnkú mi sí i. Ìyá Dókásì ní òun yóò sanwó ìsìnkú mi bí mo bá kú lójijì. Orúkọ Támárì ni mo ní kí wọ́n kọ sórí ìwé náà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọn yóò fi san gbèsè ọ̀hún, mi ò ní sí níbẹ̀ nígbà tó bá parí.

O máa ń sọ pé gbèsè burú. Èyí ò burú. Ẹni tí ìlú rẹ̀ bá jẹ ní gbèsè ò ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Kọ́ Támárì ní ìwé kíkọ dáadáa, kí ọwọ́ rẹ̀ hàn ketekete. Bí ẹ̀rọ náà bá gbẹ, òun ni yóò máa kọ̀wé sí wọn.

Ìyá rẹ,
Késáyà